Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ìwé aládàáni ní Òṣogbo: ẹ má fi ọ̀rọ̀ àjogúnbá bojú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde síta nítorí ojú wọn

Ẹ̀yin olùdásílẹ̀ àti ọ̀gá àgbà ilé-ìwé aládàáni, láti Òkè-Fìà dé Òkè-Baálẹ̀, láti Ìgbóǹnà dé Ògo-Olúwa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ.

Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ojú ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí. Nǹkan méjì ló fà á. Àwọn kan nínú yín ti gé àkókò ìsinmi ọ̀sán àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú 15, wọ́n sì ti sọ lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ di dandan títí di aago márùn-ún, nítorí ìdánwò àtiwọ girama. Lẹ́yìn náà, bí òbí bá wá sọ pé ọmọ òun kò rí bọ́ọ̀dù mọ́, èsì tí wọ́n ń fún un ni pé, "Ṣebí ẹ̀yin náà ń lo jígí? Ara yín ló ti jogún ẹ̀." Wọ́n á ní kí ọmọ náà bọ́ síwájú jókòó, ó parí.

Òótọ́ wà nínú èsì yẹn. Òbí tí kò rí ọ̀ọ́kán, ìyẹn tí ohun tó jìnnà ń ṣú sí lójú, lè bí ọmọ tí kò ní rí ọ̀ọ́kán, a kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ló nílò ìmọ́lẹ̀ ìta ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ ìta yìí náà lẹ sì ń dù ú. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín nìyẹn.

1. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ojú. Ẹyinjú ọmọ tuntun kì í gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 17 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ló ń gùn, títí yóò fi tó mìlímítà 23 sí 24 lára àgbàlagbà. Bí gígùn rẹ̀ bá ṣe déédéé, ìmọ́lẹ̀ á pàdé lórí rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó wà lẹ́yìn ojú tó ń gba àwòrán. Bó bá gùn jù, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀ọ́kán bọ̀ á ti pàdé kó tó dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀dù á wá ṣú bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ọmọ mú lọ́wọ́ á mọ́ kedere. Mìlímítà kan péré tí ẹyinjú bá fi gùn jù, ó ti tó páwà 2.50 sí 3.00 lórí jígí.

Ẹyinjú tó bá ti gùn kì í kúrú mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "yóò lọ bó bá dàgbà" kò mọ̀ pé ìdàgbà yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́ sí i. Láàárín ọmọ ọdún 6 sí 14 ló sábà ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ọdún 7 sì léwu ju èyí tó bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ọdún 13 lọ, torí ọdún tí ojú ṣì fẹ́ fi gùn pọ̀ níwájú rẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ ti òbí. Ní Orinda, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí wo ojú àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì béèrè nípa ojú àwọn òbí wọn. Èsì tó jáde ní 2002 nìyí: nínú àwọn ọmọ tí òbí wọn méjèèjì kò rí ọ̀ọ́kán, 32.9 nínú 100 ni kò rí ọ̀ọ́kán. Bó bá jẹ́ òbí kan, 18.2 nínú 100. Bí kò bá sí òbí kankan tó ní in, 6.3 nínú 100. Ó hàn gbangba pé òbí ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ tún iye yẹn wò. Nínú àwọn tí bàbá àti ìyá wọn ní in, nǹkan bíi méjì nínú mẹ́ta ni ojú wọn ṣì ń rí ọ̀ọ́kán ní ọjọ́ orí yẹn. Àwọn kan tí òbí wọn ríran dáadáa sì wà tí kò rí i.

Kò dà bí ọ̀rọ̀ AS àti SS tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n ṣírò kí tọkọtaya tó fẹ́ra. Jíìnì, ìyẹn èròjà àjogúnbá inú ara, tí wọ́n ti rí pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn jíìnì, òbí tún ń fún ọmọ ní àṣà ilé: ilé tí wọ́n ti ń jókòó ti ìwé àti fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ ibẹ̀ náà á jókòó.

Ó yẹ kí á mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iná alẹ́ níbí, torí àwọn kan ṣì ń fi dẹ́rù ba àwọn ìyá ìkókó. Ní 1999 ni àwọn kan ní Philadelphia kéde pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń tan iná fún sùn kí wọ́n tó pé ọdún méjì ni àìrí ọ̀ọ́kán ń mú jù. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ayé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì mìíràn tún un wò, wọn kò rí i pé iná ń ba ojú jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn òbí tí àwọn fúnra wọn kò rí ọ̀ọ́kán ló ń fẹ́ràn láti tan iná sí yàrá ọmọ. Òbí ló wà nídìí ọ̀rọ̀, iná ni wọ́n ń bá wí.

3. Ibi tí àwíjàre yín ti wó nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ní 2008, àwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ ọdún 6 sí 7 ní Sydney, ní Ọsirélíà, wéra pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Singapore. Ìran Ṣáínà ni gbogbo wọn. Ní Sydney, 68 nínú 100 ọmọ ló ní ó kéré tán òbí kan tí kò rí ọ̀ọ́kán. Ní Singapore, 71 nínú 100. Ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n jogún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní Sydney, ọmọ 3.3 nínú 100 ni kò rí ọ̀ọ́kán. Ní Singapore, 29.1 nínú 100 ni.

Ẹ lè rò pé àwọn ti Singapore ló ń kàwé jù. Rárá o. Àwọn ọmọ Sydney ló ń ka ìwé púpọ̀ jù lọ́sẹ̀, àwọn náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí ojú ń wò nítòsí jù lápapọ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gedegbe ni ìta: wákàtí 13.75 lọ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ Sydney ń lò níta, àwọn ti Singapore ń lo wákàtí 3.05. Ọmọ tí ẹ bá tì mọ́ inú kíláàsì láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 15 tó máa fi jẹun tán nínú kíláàsì náà, báwo ni yóò ṣe rí ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀?

Wọn kò fi mọ sórí wíwo nǹkan lásán, wọ́n dán an wò. Ní Guangzhou, ní Ṣáínà, wọ́n mú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12. Ní mẹ́fà nínú wọn, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò ìta lójoojúmọ́ ilé-ìwé. Wọ́n fi mẹ́fà yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 39.5 nínú 100 ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà ti mú níbi tí wọn kò ti fi nǹkan kún un, 30.4 nínú 100 níbi tí wọ́n ti fi kún un. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 2015. Taiwan ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 2010: ìṣẹ́jú 120 níta lójúmọ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn ọmọ tí ojú wọn ti dín kù, tó ti ń gòkè lọ́dọọdún, yí padà wá sílẹ̀ láti 49.4 nínú 100 ní 2012 sí 46.1 ní 2015.

4. Kí ni ìta ní tí kíláàsì kò ní? Ìmọ́lẹ̀ ni. A máa ń fi lux wọn ìmọ́lẹ̀. Kíláàsì tó mọ́lẹ̀ dáadáa kì í sábà ju lux 300 sí 500 lọ. Kíláàsì tí wọ́n lẹ káàdì ìkẹ́kọ̀ọ́ bo fèrèsé rẹ̀, tí iná sì ti lọ, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Lábẹ́ igi, ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lux. Nínú oòrùn gangan, ó lè tó 100,000. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú kí rẹ́tínà tu èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń dá ẹyinjú dúró kó má gùn jù. Bí ẹ kò bá gbà wá gbọ́, ẹ gbé áàpù tó ń wọn lux sórí fóònù, ẹ wọ̀n ọ́n láàárín kíláàsì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì. Fóònù kò péye bí ẹ̀rọ tòótọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kò ní farasin.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ to ọmọ sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ìbòòji tó. Fìlà tó ní etí kò ba nǹkan jẹ́. Kí wọ́n má ṣáà tẹjú mọ́ oòrùn. Ọjọ́ tí òjò ṣú pàápàá, ìmọ́lẹ̀ ìta sábà máa ń ju 1,000 lux lọ. Eré ìdárayá kọ́ ni dandan: ọmọ tó jókòó síta ń sọ̀rọ̀ ń jàǹfààní bíi ti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. A sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ: kí àìrí ọ̀ọ́kán tó bẹ̀rẹ̀ ni ìta ń ṣiṣẹ́ jù. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní lè mú jígí kúrò lójú ọmọ.

5. A mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀: àwọn ará Ṣáínà ló ni ìyọnu yìí. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Áfíríkà tó ní in kò tíì pọ̀ bíi ti ìlà-oòrùn Éṣíà. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Éskímò, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ òtútù, ní Barrow, ní Alaska ní Amẹ́ríkà, rí pẹ̀lú. Nínú àgbàlagbà 131 tí wọ́n yẹ ojú wọn wò níbẹ̀, nínú ìwádìí tó jáde ní 1969, ẹni méjì péré ni kò rí ọ̀ọ́kán. Nínú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn tó ti wá wọ ilé-ìwé, ó ju ìdajì lọ. Jíìnì kì í yí padà láàárín ìran kan. Ìgbé ayé ló yí padà.

Bó bá sì pọ̀ jù, tó kọjá páwà −6.00, jígí kọ́ ni wàhálà rẹ̀ mọ́. Rẹ́tínà lè ṣí kúrò níbi tó wà, ewu glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, sì ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni glaucoma ti wọ́pọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

6. Nípa jígí. Kò sóòótọ́ nínú pé jígí ń sọ ojú dọ̀lẹ, tàbí pé kí á fún ọmọ ní páwà tó kéré sí èyí tó yẹ kí ojú rẹ̀ lè máa "ṣiṣẹ́". Wọ́n dán ìyẹn wò ní Malaysia, èsì rẹ̀ jáde ní 2002: ojú àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní páwà tí kò tó ló yára bàjẹ́ jù. Ọmọ kò gbọdọ̀ lo jígí ìyá rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń kiri lójú pópó. Jígí ìkàwé tí wọ́n ń tà lọ́jà fún àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún, òdìkejì ohun tí ọmọ yìí nílò ni. Jíjókòó síwájú náà kì í ṣe ìtọ́jú. Ó ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni, títí ọdún méjì á fi kọjá lọ.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Àkọ́kọ́, ìbéèrè kan lórí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé. Kì í ṣe "Ṣé òbí ń lo jígí?", torí ìyẹn máa kó gbogbo ẹni tó ń fi jígí ka Bíbélì tàbí Kùránì mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ṣé bàbá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí lo jígí láti rí ọ̀ọ́kán kó tó pé ọmọ ọdún 18? Ìyá ńkọ́?" Bí òbí kò bá mọ irú èyí tí òun ń lò, kó wo ìwé dókítà ojú: àmì ìyọkúrò (−) ni ti àìrí ọ̀ọ́kán. Bí ìwé ti sọnù, kó na jígí náà síwájú, kó tipasẹ̀ rẹ̀ wo nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán, kó wá rọra mi jígí sọ́tùn-ún sósì. Bí àwòrán bá kéré, tó sì ń tẹ̀ lé jígí lọ síbi tó ń lọ, (−) ni. Bó bá ń lọ sí òdìkejì, ìkàwé ni. Ọmọ tí òbí rẹ̀ méjèèjì bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún 6. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ráhùn, torí ọmọ tí kò ríran dáadáa rí kì í mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, àyẹ̀wò ojú fún gbogbo ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìwé. Olùkọ́ lè ṣe é bí wọ́n bá kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mítà 6 ni kí ó wà láàárín ọmọ àti àtẹ lẹ́tà E, ìyẹn àtẹ tí E rẹ̀ kọjú síbi tó yàtọ̀ síra, tí ọmọ á fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ẹsẹ̀ E kọjú sí. Okùn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. E tí a ń pè ní 6/12 (èyí tí ojú tó dá ṣáká lè rí láti mítà 12) ga tó mìlímítà 17.5, ti 6/9 tó 13. Bí yàrá kò bá gùn tó, ẹ lo àtẹ mítà 3, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ìdajì, ẹ má lo àtẹ mítà 6 ní mítà 3. Ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó fi bo èkejì láìtẹ̀ ẹ́, torí láàárín ìka ni àwọn ọmọ ti ń yọjú. Kó má dín ojú kù. Ọmọ tó bá dín ojú á rí ohun tí kò yẹ kó rí. Ẹni tí kò bá mú 4 nínú 5 lórí ìlà 6/9, ẹ jẹ́ kó tún un wò láti inú ihò kékeré tó tó mìlímítà kan lára páálí dúdú. Bó bá ríran sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jígí ló nílò. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ má fi falẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà kó lọ sí ilé-ìwòsàn tó ní dókítà ojú, torí ó lè jẹ́ kàtárátì, glaucoma tàbí àpá lójú.

Níbẹ̀, ẹ sọ fún òbí pé kó béèrè fún oògùn tí wọ́n ń kán sójú kí wọ́n tó wọn páwà ọmọ. Ẹran ojú ọmọdé lágbára. Ó lè fún ara rẹ̀ pọ̀ níwájú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ wá ní −1.50 níbi tí kò ti sí nǹkan kan. Cyclopentolate ni wọ́n sábà ń lò. Wọ́n máa ń kán an lẹ́ẹ̀mejì sí ojú dúdú bíi tiwa, wọ́n á sì dúró tó ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ìmọ́lẹ̀ á máa gún ọmọ lójú, ìwé á sì ṣú fún un di ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ má fún un ní ìdánwò lọ́jọ́ náà. Atropine tí agbára rẹ̀ kéré àti àwọn lẹ́ńsì àkànṣe tó ń dín bí ojú ṣe ń yára gùn kù wà pẹ̀lú, àmọ́ ọwọ́ dókítà ni ìyẹn wà.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ká wa lára jù: ìṣẹ́jú 120 níta. A mọ̀ pé ilé gbígbé tí wọ́n sọ di kíláàsì ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé yín, àgbàlá kò sì gbà yín. Ẹ pín in. Àsẹ́ńbílì ìṣẹ́jú 20 níta dípò inú gbọ̀ngàn. Ìsinmi ìṣẹ́jú 40, kí kíláàsì kìíní sí ìkẹta kọ́kọ́ jáde, kí ìkẹrin sí ìkẹfà tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n sì jẹun níta. Iṣẹ́ kan lójúmọ́ tí kò nílò bọ́ọ̀dù, bíi ìtàn, àlọ́, ìṣirò ẹnu tàbí iṣẹ́ ọ̀gbìn, fún ìṣẹ́jú 40 lábẹ́ igi. Ìṣẹ́jú 20 níta bí wọ́n ṣe ń dúró de àwọn òbí. 120 pé, ẹ kò sì gé iṣẹ́ kankan kúrò.

Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ dandan fún kíláàsì kìíní sí ìkẹrin. Àwọn tó kù, kí wọ́n jáde fún ìṣẹ́jú 30 kó tó bẹ̀rẹ̀. A kò mọ ìdánwò kan tó béèrè pé kí ọmọ ọdún mẹ́fà má rí oòrùn.

8. A fẹ́ kí ẹ fi èsì yín tó àwọn òbí létí ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ àkọ́kọ́ ní sáà tuntun, kí ẹ sì lẹ àtẹ àkókò iṣẹ́ tuntun mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kí á kọ́ olùkọ́ méjì ní àyẹ̀wò E, a ó wá, a kò ní gba owó. Kí ẹ pèsè yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn tó mítà 6, okùn ìwọ̀n, àti orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹfà, pẹ̀lú ìdáhùn òbí lórí ìbéèrè fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé yẹn.

Àwa ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ojú ní Òṣogbo